Òṣùwọ̀n Iṣẹ́ fún Ọkàn Tó Ń Ṣàìsàn: Ìtọ́jú Ìmúpadàbọ̀sípò àti Àwọn Obìnrin Ìkirè àti Àpòmù

Ìtọ́jú ìmúpadàbọ̀sípò fún ọkàn ni ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí oògùn àti iṣẹ́ abẹ bá iṣẹ́ tiwọn dé, tí dókítà, nọ́ọ̀sì, onímọ̀ oúnjẹ àti onífisiotẹ́rápì, ìyẹn ẹni tí ó ń fi ìdárayá àti ìlò ara ṣe ìtọ́jú, jọ máa ń fi tọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn sọ́nà títí onítọ̀hún yóò fi lè padà sẹ́nu iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ láìfi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Ìdárayá tí a fi òṣùwọ̀n ṣe ni òpómúléró rẹ̀, ṣùgbọ́n lílo oògùn bó ṣe yẹ, àtúnṣe oúnjẹ, ìmọ̀ nípa àìsàn náà àti ìtùnú fún ẹni tí jìnnìjìnnì ti bá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ó sábà máa ń ní ìpele mẹ́ta. Èkíní máa ń wáyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn nílé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń mú aláìsàn jókòó, tí wọ́n ń mú un dìde, tí wọ́n sì ń mú un rìn dé ẹnu ọ̀nà. Èkejì máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti padà sílé, ó sì máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìlá, tí yóò máa wá ṣe ìdárayá lábẹ́ àmójútó lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ̀kẹta kò lópin, nítorí òun ni aláìsàn yóò máa dá ṣe fúnra rẹ̀ títí ayé. Ìpele kejì yìí ni àǹfààní ètò náà pọ̀ sí jù, òun náà ni ó sì ṣọ̀wọ́n jù ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ètò yìí kò tí ì pẹ́ láyé. Títí di nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ohun tí ìṣègùn Òyìnbó mọ̀ fún ẹni tí àìsàn ọkàn bá dá dùbúlẹ̀ ni kí ó nà gbọnrangandan lórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n máa fi ṣíbí bọ́ ọ, kí ó má tilẹ̀ yíra padà fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ọgbẹ́ inú ọkàn yóò ya bí ara bá mì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ báyìí ni ẹ̀jẹ̀ dì sí wọn lẹ́sẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ dídì náà gun òkè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró tí ó sì pa wọ́n. Ní 1952 ni Samuel Levine àti Bernard Lown, àwọn dókítà ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé àwọn ti ń gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ jókòó sórí àga láìpẹ́ sí ìgbà tí àìsàn náà kọlù wọ́n, pé ó sì ń ṣe wọ́n lóore. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àìsàn ọkàn kọlu Dwight Eisenhower tí ó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà. Paul Dudley White, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀, kò fi í sílẹ̀ lórí ibùsùn, ó ní kí ó máa rìn, kí ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí yóò sì fi di 1956 Ààrẹ náà ti tún wọlé ìbò lẹ́ẹ̀kejì. Ojú gbogbo ayé ni èyí ṣe, ó sì wó ìgbàgbọ́ àtijọ́ ju ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé lọ. Ní 1964, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀ràn jáde lórí bí a ṣe ń dá àwọn tó ní àìsàn ọkàn padà sípò.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rí ti ń gorí ara wọn. Àkójọ ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ Cochrane, tí wọ́n máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, gbé jáde ní 2021 da àbájáde ìwádìí 85 pọ̀, tí àwọn tó kópa nínú wọn lé ní 23,000, ó sì fi hàn pé àwọn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn dí, tí wọ́n sì ṣe ìdárayá lábẹ́ ètò yìí, kì í tètè kú ikú àìsàn ọkàn bíi ti àwọn tí kò ṣe é, wọn kì í sì í pààrà ilé ìwòsàn tó wọn. Àléébù kan ṣoṣo wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí a fò dá: ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí náà. Bí ètò náà ti rí nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó jẹ́ pé ọkùnrin tí ó fẹ́ padà sí ilé iṣẹ́ ni wọ́n fojú sùn nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè pé iṣẹ́ wo ni obìnrin fẹ́ padà sí. Káàkiri ayé títí di òní, dókítà kì í sábà darí obìnrin síbẹ̀ bíi ti ọkùnrin. Èyí tí wọ́n bá darí kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá lọ ni ó sì máa ń kọ́kọ́ já a sílẹ̀, nítorí ọmọ, ọmọ-ọmọ, ìdáná àti ọjà ń dúró dè é nílé.

Irú àìsàn tí ó ń bá ọkàn jà nílẹ̀ Yorùbá pàápàá yàtọ̀ sí èyí tí àwọn Levine rí ní Boston. Ní Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 452 tí wọ́n gbà wọlé nítorí àìlágbára ọkàn láàárín 2009 sí 2010. Àìlágbára ọkàn ni ipò tí ọkàn kò ti lè fa ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara mọ́ bó ṣe yẹ, tí omi fi ń ṣẹ́ jọ sẹ́sẹ̀, síkùn àti sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa á fún 78.5 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àwọn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ dídí fa tiwọn, èyí tí ó jẹ́ olórí ohun tó ń fà á ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí mìíràn tí ó kó orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án nílẹ̀ Áfíríkà pọ̀ láàárín 2007 sí 2010, tí Nàìjíríà wà lára wọn, rí i pé ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn aláìsàn náà jẹ́ ọdún 52, àti pé obìnrin lé díẹ̀ ní ìdajì wọn. Ẹni ọdún 52 ní Ìkirè ṣì ń dáná fún odindi agboolé, ó ṣì ń lọ sọ́jà, ó sì ṣeé ṣe kí ó máa san owó ilé ìwé ọmọ tí ó wà ní yunifásítì. Ọwọ́ rẹ̀ ni oúnjẹ ilé wà nígbà tí ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́.

Ìkirè ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé, Àpòmù sì ni ti Ìsọ̀kan. Ìlú méjèèjì fara kanra lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ọjà Àpòmù ti lókìkí kí ogun Òwu tó bẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tí Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Òwu ń pàdé níbẹ̀ láti nájà. Ní ti Ìkirè, kò sí arìnrìn-àjò ojú ọ̀nà yìí tí kò mọ dòdò rẹ̀, èyí tí àwọn obìnrin ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n rà ṣe, tí wọ́n á fi ata àti iyọ̀ sí i, tí wọ́n á sì dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Ẹni tó bá wo ìdí ààrò yìí dáadáa yóò rí gbogbo ohun tí onímọ̀ ìmúpadàbọ̀sípò ní láti rò papọ̀: obìnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, ooru tó ń mú òógùn jáde lára rẹ̀, èéfín igi tó ń kó sí i nímú, agbada epo tí ó wúwo láti gbé sọ̀ kalẹ̀, àti ọjà tí kò gbọdọ̀ má tà nítorí àjọ tí ó ń dá. Ọ̀rọ̀ èéfín yìí kì í ṣe àròsọ. Ní Ìbàdàn, wọ́n pín àwọn aláboyún 324 sí ọ̀nà méjì nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Àwọn kan gba sítóòfù tó ń lo ẹtánọ́ọ̀lì, àwọn yòókù ń bá igi tàbí kẹrosíìnì wọn lọ, òṣùwọ̀n ìsàlẹ̀ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gba sítóòfù tuntun sì fi 2.8 lọ sílẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ìbéèrè tí àwọn ará ilé máa ń kọ́kọ́ bi dókítà ni pé, kí ni obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ tún fẹ́ fi ìdárayá ṣe. Ìbéèrè tó lọ́gbọ́n nínú ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ni kókó ètò yìí. Iṣẹ́ ilé kì í lọ déédéé. Ẹni tó ń gún iyán ń ti ìsinmi bọ́ sínú iṣẹ́ líle lẹ́ẹ̀kan náà, apá ló sì fi ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ apá máa ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè ju iṣẹ́ ẹsẹ̀ lọ. Ẹni tó ru garawa omi ń dá èémí dúró nígbà tí ó bá ń gbé e, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a sì fò sókè lójijì. Ẹni tó jókòó ti ọjà fún wákàtí mẹ́fà kò lo ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá. Ọkàn tó ń ṣàìsàn ń fẹ́ iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó dúró sí ìwọ̀n kan fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí ó sì dínkù díẹ̀díẹ̀ kí ó tó dáwọ́ dúró. Àṣẹ tí wọ́n máa ń pa fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀, pé kí ó lọ sinmi, kò sàn ju kí ó gbẹ́kẹ̀ lé iṣẹ́ ilé lásán lọ. Bí ó bá gbà á gbọ́, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò rọ, ìwọ̀nba iṣẹ́ tí kò nira fún un tẹ́lẹ̀ yóò sì di òkè. Bí kò bá gbà á gbọ́, tí èyí sì wọ́pọ̀ jù, yóò máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́ láìsí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n fún un.

Wíwọ̀n ni ìtọ́jú náà fi ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà yóò kọ́kọ́ rí i dájú pé àìsàn náà ti rọlẹ̀: pé ara kò gbóná, pé omi tó wà lẹ́sẹ̀ ti ń fà, pé kò sí ìrora àyà nígbà tí aláìsàn bá jókòó jẹ́ẹ́, àti pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kò ga ju 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀ lọ, nítorí kò sí onímọ̀ tí yóò mú ẹni tí tirẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ ṣe ìdárayá lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́fà, tí kò gbà ju gbọ̀ngàn tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títẹ́jú tí ó tó ọgbọ̀n mítà lọ, pẹ̀lú aago, àga kan àti àmì méjì nílẹ̀ tí aláìsàn yóò máa yípo. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ fún un kò pọ̀: "Màmá, ẹ máa rìn bí ó bá ṣe yá yín lára tó, ẹ má sáré, bí ó bá rẹ̀ yín kí ẹ dúró, bí ara bá sì fúyẹ́ kí ẹ tún máa bọ̀." Wọn kì í bá a sọ̀rọ̀ bí ó ti ń rìn, wọn kì í sì í bá a rìn ní ẹ̀gbẹ́, nítorí àgbàlagbà obìnrin yóò máa bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rìn, kì í ṣe agbára tirẹ̀. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́fà bá pé, wọn yóò ka iye mítà tí ó rìn, wọn yóò sì tún wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sí. Ẹni tó ní àìlágbára ọkàn tí kò sì rìn tó 300 mítà wà nínú ewu tó pọ̀ ju ti ẹni tí ó rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olùwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ti lo ìdánwò yìí fún àwọn aláìsàn ọkàn tiwọn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010, nítorí náà kì í ṣe ohun àjèjì ní agbègbè yìí.

Iye tí ó rìn yìí ni wọn yóò fi díwọ̀n ìdárayá rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ó rìn 240 mítà ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, ìyẹn 40 mítà ní ìṣẹ́jú kan, wọn kò ní sọ pé kí ó rìn bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú; wọn yóò ní kí ó rìn jẹ́jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó sinmi, kí ó tún rìn, títí àkókò ìrìn náà yóò fi máa gùn sí i tí ti ìsinmi yóò sì máa kúrú lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àwọn elétò ní ìlú ńlá máa ń fi bí ọkàn ṣe ń lù ṣe òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláìsàn ọkàn ń lo oògùn bíi bisoprolol, carvedilol tàbí atenolol, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dín ìlù ọkàn kù, ọkàn wọn kò sì ní sáré tó bó ṣe yẹ bí iṣẹ́ náà bá tilẹ̀ le. Nítorí èyí ni òṣùwọ̀n tí Gunnar Borg ará Sweden ṣe fi wúlò, tí aláìsàn fúnra rẹ̀ yóò fi sọ bí iṣẹ́ náà ṣe le sí lára rẹ̀, láti 6, tí ó dúró fún ìjókòó láìṣe nǹkan kan, títí dé 20 tí ó jẹ́ òpin agbára. Láàárín 11 sí 14 ni wọ́n fẹ́ kí aláìsàn wà. Fún ẹni tí kò mọ nọ́ńbà kà, ọ̀nà kan wà tí ó rọrùn ju èyí lọ: bí ó bá lè sọ̀rọ̀ tán láìdá èémí, ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, ó ti dé ibi tí wọ́n fẹ́, bí ó bá ṣì ń kọrin, kí ó fi kún un, bí ọ̀rọ̀ bá ń já mọ́ ọn lẹ́nu, kí ó dẹwọ́.

Ó yẹ kí ẹni tó ń ṣe ètò yìí nílẹ̀ Yorùbá fi ojú sí ìkúnlẹ̀. Obìnrin tí ó wà ní ilé ọkọ lè kúnlẹ̀ kí àgbà ní àìmọye ìgbà kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú, dídìde láti orí eékún sì jẹ́ iṣẹ́ gidi fún iṣan itan. Iṣẹ́ rere ni fún ẹni tí ara rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, tí oògùn tó ń mú ni tọ̀ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jọ ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, dídìde lójijì lè mú òòyì kọ́ ọ kí ó sì ṣubú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìforíkanlẹ̀ níbi ìrun, tí omi inú ẹ̀dọ̀fóró kò fi ní jẹ́ kí èémí rẹ̀ já gaara, ẹ̀sìn sì fàyè gba aláìsàn láti kírun lórí ìjókòó. Kò sí ìwé ìtọ́nisọ́nà tí wọ́n kọ ní Toronto tàbí Lọ́ńdọ̀nù tí yóò rántí irú nǹkan wọ̀nyí.

Ohun tó ń yà ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé ara ń yá bí ọkàn kò tilẹ̀ tí ì yí padà púpọ̀. Ọkàn tí ara rẹ̀ dá máa ń ti ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ inú ìyẹ̀wù òsì rẹ̀ jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá lù. Ti ẹlòmíràn tí àìsàn ti mú lè má ju 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìdárayá sì lè má fi nǹkan púpọ̀ kún un. Ibi tí àyípadà ti ń dé ni iṣan ẹsẹ̀ àti òpó ẹ̀jẹ̀. Iṣan tí wọ́n lò déédéé máa ń kọ́ láti fa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn púpọ̀ jáde nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò tó nǹkan, bí ìyàwó ilé tó mọ ọbẹ̀ ín ṣọ́ ṣe ń fi ìkòkò kan bọ́ gbogbo ilé. Awọ inú òpó ẹ̀jẹ̀ náà a máa pèsè èròjà tó ń mú kí òpó náà là gbòòrò, ẹ̀jẹ̀ yóò wá rọ́nà kọjá, ọkàn kò sì ní láti fi ipá tì í mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni obìnrin tí kò lè rìn láti ilé dé ọjà láìdúró lẹ́ẹ̀mẹta ṣe lè máa rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán ọkàn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ní Èkó, àwọn olùwádìí tẹ àbájáde kan jáde ní 2015 lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní àìlágbára ọkàn, wọ́n sì rí i pé ìdárayá tí a tò létòlétò fi kún ìrìn tí wọ́n lè rìn.

Oúnjẹ ni apá tí obìnrin ní agbára lé lórí jù, òun ló sì tún máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù nínú ilé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìmutíì kan, tí iyọ̀ inú búrẹ́dì, mágí àti ẹja gbígbẹ oníyọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ń se ọbẹ̀ fún ènìyàn mẹ́wàá kò lè máa se ìkòkò ọ̀tọ̀ fún ara rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé yóò se é fún ọ̀sẹ̀ méjì, yóò sì padà sí ìkòkò gbogbo ilé. Ìdí nìyí tí ó fi sàn kí wọ́n dín iyọ̀ gbogbo ilé kù, kí wọ́n fi irú, ata, àlùbọ́sà àti ẹ̀fìrìn wá adùn ọbẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe àìsàn ẹnì kan nínú ilé lásán. Dòdò Ìkirè kò di èèwọ̀ nípa èyí, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn, nítorí iyọ̀ àti epo inú rẹ̀. Ìwọ̀n ara ni aláìsàn fi ń mọ̀ bí nǹkan ṣe ń lọ: bí ó bá gun òṣùwọ̀n lárààárọ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti tọ̀, tí ó sì rí i pé ó fi kílò 2 wúwo sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ni, kì í ṣe ọ̀rá, ó sì yẹ kí ó lọ rí dókítà kí ẹsẹ̀ tó wú, kí ó tó di pé ìrọ̀rí mẹ́ta ni ó fi ń sùn.

Irú àìsàn kan tún wà tí kò kan ọkùnrin rárá. Ní oṣù tí oyún bá fẹ́ parí, tàbí láàárín oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ, ọkàn obìnrin mìíràn a máa fẹ̀, agbára rẹ̀ a sì lọ sílẹ̀ láìsí pé ó ní àìsàn ọkàn kankan tẹ́lẹ̀. Ìhà Àríwá Nàìjíríà, pàápàá Zaria àti Kano, ni ó ti wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n a máa ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, ó sì ṣòro láti tètè mọ̀ nítorí gbogbo ènìyàn gbà pé ó yẹ kí ó rẹ abiyamọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kí ó má sì rí oorun sùn. Abiyamọ tí kò lè sùn sílẹ̀ gbalaja nítorí èémí, tí ikọ́ ń dà láàmú lóru, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú sí i dípò kí ó máa fà, kì í ṣe ẹni tí wọn yóò fi omi gbígbóná wẹ̀ tí wọn yóò sì ní kó fara dà á. Ní ti irú obìnrin yìí, ìdárayá a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù tó pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ìmọ̀ràn lórí ìfètò-sọ́mọ-bíbí sì jẹ́ ara ìtọ́jú gan-an, nítorí oyún mìíràn nígbà tí agbára ọkàn kò tí ì padà bọ̀ sípò lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé dá sọ fún obìnrin nìkan. Bí ọkọ àti ìyá ọkọ kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí dókítà ń ṣàlàyé, obìnrin náà ni yóò dá jẹ́jọ́ rẹ̀ nílé.

Ẹ̀rù pẹ̀lú jẹ́ àìsàn. Ẹni tí àyà rẹ̀ ti já nítorí èémí tó dá lóru máa ń bẹ̀rù láti gun àtẹ̀gùn, láti sún mọ́ ọkọ rẹ̀, láti dá sùn, ìbànújẹ́ sì lè mú kí ó jáwọ́ nínú oògùn. Ẹgbẹ́ ni àwọn elétò fi ń wo èyí níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe, pé kí àwọn obìnrin tí àìsàn kan náà ń ṣe jọ máa rìn. Ìwádìí ní ilẹ̀ òkèèrè sì ti fi hàn pé àwọn obìnrin kan fẹ́ràn ètò tó jẹ́ ti obìnrin nìkan. Ìkirè àti Àpòmù kò ní láti wá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà. Ẹgbẹ́ àsàlátù ń pàdé lọ́jọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ Dọ́káàsì ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn alájọ ń pàdé nínú ọjà, gbogbo wọn sì ní alága, akọ̀wé àti àṣà láti lọ wo ẹni tí kò bá wá.

Ní gbogbo ayé, orílẹ̀-èdè 111 nínú 203 ni àwọn olùwádìí rí pé ètò ìmúpadàbọ̀sípò fún ọkàn wà nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 ti sọ. Ní Nàìjíríà, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ni ohun tó wà lára rẹ̀ wà, kò sì pọ̀. Ẹni tó wà ní Ìkirè tàbí Àpòmù wà láàárín méjì nínú àwọn ilé ìwòsàn tí ìmọ̀ yìí wà jù, ìyẹn àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì, UCH ní Ìbàdàn àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn onífisiotẹ́rápì láti 1966, Ifẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1970. Síbẹ̀, kò sí obìnrin ọlọ́jà tí yóò wọ ọkọ̀ lọ sí èyíkéyìí nínú wọn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Òfin adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera, ṣùgbọ́n kò sí adójútòfò tó lè san àkókò padà fún ẹni tó pa ìsọ̀ rẹ̀ tì. Ètò tí a ń ṣe nílé ni ìdáhùn, èyí tí ìwádìí ti fi hàn pé kò kéré sí ti ilé ìwòsàn fún aláìsàn tí ewu rẹ̀ kò pọ̀: ilé ìwòsàn ńlá yóò ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́, yóò sì kọ òṣùwọ̀n ìdárayá sílẹ̀, nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó wà nítòsí yóò máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ara lọ́sẹ̀, aláìsàn yóò máa rìn ní ìdájí kí oòrùn tó mú, yóò máa fi ìgò omi méjì na apá, yóò sì máa dìde jókòó lórí àga, fóònù ni wọn yóò sì fi máa béèrè bí ara ṣe rí.

Nínú gbogbo ohun tí ètò yìí ń béèrè, kò sí èyí tí Ìkirè tàbí Àpòmù kò lè ní: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, òṣùwọ̀n ara, aago, ọgbọ̀n mítà ilẹ̀ títẹ́jú àti ìwé àkọsílẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ni kò sí, àti ìlà kan nínú ìwé tí dókítà fi ń dá aláìsàn sílẹ̀, tí yóò sọ iye ìṣẹ́jú tí obìnrin náà yóò rìn lọ́la àti ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó rìn ín. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé àti ti Ìsọ̀kan lè fi iṣẹ́ yìí lé nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ láìdúró de ẹ̀rọ kankan láti òkè òkun. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, kí obìnrin tí wọ́n bá dá sílẹ̀ nílé ìwòsàn nítorí àìsàn ọkàn, tàbí ọmọ tó wá mú un lọ sílé, má ṣe gba "ẹ lọ máa sinmi" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Kí wọ́n béèrè bí yóò ṣe rìn tó, iṣẹ́ wo ni kò gbọdọ̀ ṣe àti fún ìgbà wo, kí wọ́n sì ní kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀.